Ìyàwó Inú Géèmù

Àwọn tí wọ́n fún ní géèmù náà gbá wò ló kọ́kọ́ bínú. Wọ́n ní irọ́ pátápátá ni. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ kedere pé: "Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ògúnwálé ṣì jẹ́ géńdé tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó di obìnrin. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́, ó ti ń wá ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fóònù ni ọkàn rẹ̀ tí ẹ kàn yọ síìmù inú ẹ̀ ni?"

Jẹ̀lílì ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e láti Ìbèṣè lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì bínú títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Òun ló kọ ìtàn inú géèmù náà. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni ẹni yẹn sọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń sọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Jẹ̀lílì. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó ló ti ń gba owó oṣù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ìdí géèmù ni ọkàn rẹ̀ wà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mujeeb, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n jọ háyà ilé oníyàrá méjì ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀. Jẹ̀lílì á kọ ọ̀rọ̀, Mujeeb á ya àwòrán. Wọ́n ti jọ ń gbé pẹ́ débi pé Mujeeb ti fi àbúrò rẹ̀ obìnrin hàn án, Fàósátù, tíṣà kan ní Ìmọ́tà, ọ̀rọ̀ ìkíni sì ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì. Jẹ̀lílì fẹ́ràn Fàósátù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Géèmù náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro í yé. Ògúnwálé, ọkùnrin tó ń wa iyanrìn, wẹ̀ nínú omi tí wọ́n ní kó má wẹ̀, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí ti obìnrin. Kò lè délé mọ́. Ìdílé kan gbà á, wọ́n sì fi í ṣe ìyàwó fún ọmọkùnrin wọn, Sàlàkọ́. Ẹni tó ń gbá géèmù náà ni yóò máa yan ohun tí Ògúnwálé á sọ àti ohun tí á ṣe, títí yóò fi pinnu bóyá kó padà sí ọkùnrin tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí kó dúró bó ṣe wà. Ohun tí Jẹ̀lílì kò mọ bí yóò ṣe kọ ni àárín: bí ọkàn ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í.

Ọgbọ́n rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn bó ṣe ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Ó rántí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Títí di òní, ìyá yìí kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní ìrìn nígbà tó dé. Ọ̀kan ń jẹ́ Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ kápẹ́ńtà ni. Ọ̀kan ń jẹ́ Agùntáṣọọ́lò. Èyí tí kò fẹ́ràn nínú wọn ń jẹ́ Baálé Oníjà, gbogbo ilé sì mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í pe ọkọ alára lórúkọ.

"A ò ní máa ka ìfẹ́ bí ẹní ka máàkì," ló sọ fún Mujeeb kó tó bọ́ bàtà. "Orúkọ la máa fi mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ò gbọ́dọ̀ pe Sàlàkọ́ ní Sàlàkọ́, àbí? Ó dáa. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 'Ọ̀gbẹ́ni Yìí' ló máa ń pè é. Tó bá yá, 'Alágídí.' Tó bá tún yá, 'Adúmáadán.' Ẹni tó ń gbá a ò ní rí orúkọ tó dùn yàn, àfi tó bá ti ń ṣe ohun tó jọ pé ọkàn ẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Tí kò bá fẹ́, kó máa pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Yìí títí dópin. A ò ní fipá mú un."

"Èyí tó kẹ́yìn pátápátá ńkọ́?" ni Mujeeb bi í.

Mujeeb ti fi ojú ara rẹ̀ ya Sàlàkọ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Kò rí ẹni tó máa jókòó fún un ni, ó wá gbé dígí ka iwájú, ó ya ohun tó rí. Torí náà Jẹ̀lílì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, bí ẹni tó ń wo iṣẹ́, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀ tó funfun báláú.

"Eyínfunjowó," ó ní.

Mujeeb bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ àwọn ìyá àgbà! Ṣùgbọ́n ó dáa. Ó dáa gan-an. Àbẹ̀kẹ́ wá ńkọ́?" Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin tí Ògúnwálé ń fẹ́ kí omi tó pa á dà. "Ṣé ká pa á rẹ́ nínú ìtàn?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọsàn ló gbọ́dọ̀ kórìíra ìbẹ́pẹ? Jẹ́ kó máa rántí Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kó máa sunkún rẹ̀ nígbà míì. Àwọn méjèèjì lè jọ wà nínú ọkàn kan náà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Kò tíì mọ nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ni pé wọ́n á kà á sókè. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá, torí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ́ ahọ́n lẹ́sẹ̀ kò ní dùn lójú ẹni tó ń kà á. Jẹ̀lílì á ka ti ìyàwó, Mujeeb á ka ti Sàlàkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ṣe. Jẹ̀lílì á fi ohùn tín-ín-rín sọ pé, "Ọ̀gbẹ́ni Yìí, omi yín ti gbóná," Mujeeb á sì dà lulẹ̀, á máa fẹsẹ̀ jan ilẹ̀ títí ará ìsàlẹ̀ á fi bá wọn wí. Nígbà tó yá, Jẹ̀lílì pa ohùn tín-ín-rín tì, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ kà á, torí pé ọ̀rọ̀ náà dára sí i bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó fà á nìyẹn.

Àwọn orúkọ náà wá jáde kúrò nínú iṣẹ́. Mujeeb á gbàgbé iṣu lórí iná, Jẹ̀lílì á pariwo láti pálọ̀ pé, "Alágídí, iṣu ń jó o!" Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, kò sí Alágídí mọ́. "Adúmáadán, ta ló gbé ṣájà mi?" Mujeeb á dáhùn. Kò béèrè rí pé kí ló dé tí orúkọ òun fi ń dùn sí i.

Òjò kan wá rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Mujeeb ti lọ ra dátà. Jẹ̀lílì sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn, ó sì rí i pé jàlámíà funfun tí Mujeeb máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀ ló wà ní apá òun. Ó ti wọlé. Aṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ òjò. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó ṣì máa dì í mọ́ra. Ó dì í mọ́ra síbẹ̀, ó gbé imú sí ọrùn rẹ̀, ó gbóòórùn ọṣẹ àti ti ẹni tó ni ín. Ó ju aṣọ náà sórí àga bíi pé ó ta á. Ó jókòó. Ó ní, "Iṣẹ́ ni. Ìtàn náà ló wà lórí mi." Ẹ gbọ́ ọ o. Iṣẹ́.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ìyàwó ń ká aṣọ Sàlàkọ́ nínú òjò, ó dì í mọ́ra, ó bú ara rẹ̀, ó tún gbé e. Ó kọ ọ́ láìdúró. Òun náà mọ̀ pé kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ìdùnnú iṣẹ́ àti ìbẹ̀rù sì jọ gbá a mú.

Nígbà tí wọ́n ka ibẹ̀ sókè lọ́jọ́ kejì, Mujeeb kò rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn, Sàlàkọ́ máa bá a níbi tó ti di aṣọ mú, á bi í pé, "Ṣé ó ti gbẹ?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mujeeb sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì wá ku ti Jẹ̀lílì.

"Ó ti gbẹ, Eyínfunjowó."

Àwọn méjèèjì ń wo ojú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà Mujeeb dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀, iná wà. Fáànù ń yí lórí wọn.

Jẹ̀lílì kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe òun, ó sì mọ orúkọ tí àwọn èèyàn máa ń pè é, àwọn orúkọ tí wọ́n ń jù luni kí wọ́n tó ju òkúta. Ó kírun, ó bẹ Ọlọ́run. Ó pe Fàósátù lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá bí ti tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà ni Mujeeb wọlé, òógùn wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Jẹ̀lílì, kí la fẹ́ jẹ?" Ọ̀rọ̀ kò tán. Tí ọ̀kan bá lé èkejì jáde nínú ọkàn rẹ̀ ni, ì bá mọ ibi tó dúró sí. Kò sí èyí tó lé èkejì. Àwọn méjèèjì kàn jókòó síbẹ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ń jí nǹkan lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, Fàósátù wá sí Ìkòròdú láti bá wọn gbá géèmù náà wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó jókòó ti fóònù láti àárọ̀. Ó ń bínú sí àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, bó ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nu ojú.

"Ta ló kọ ibi tó ti ń ká aṣọ?"

"Èmi ni," ni Jẹ̀lílì wí.

"Ẹni tó kọ ibẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo ti pinnu pé Àbẹ̀kẹ́ ni màá padà sí o! Mo kàn ṣàdédé rí i pé mo ti tẹ Eyínfunjowó." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyà tó jẹ mí ni pé ojú Bọ̀dá Mujeeb lẹ fún un. Ẹ fẹ́ kí n kó sínú ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ ya ẹlòmíì, jàre."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Orí rẹ̀ wú fún ìyìn náà, ó sì fẹ́ràn obìnrin náà gan-an lójú ẹsẹ̀ yẹn, pẹ̀lú omijé ojú rẹ̀ àti ìjà rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí yìgì bá ti so, òun á kó lọ gbé pẹ̀lú ìyàwó òun, gbogbo èyí á sì lọ bí ibà ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ jókòó ti ìyá wọn lórí ètò ìgbéyàwó. Ẹja yíyan ni ìyá náà ń tà ní Ọjà Olúwo, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tí kò jìnnà sọ́jà ló sì ti ń yan án. Òun àtàwọn obìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà nídìí ààrò nígbà tí wọ́n dé. Jẹ̀lílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọkọ mi, dìde! Èéfín á bà ọ́ láṣọ jẹ́," ni Ìyá Mujeeb wí. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí ju bó ṣe fẹ́ràn ọmọ inú ara rẹ̀ méjèèjì lọ, kò sì fi pamọ́. Ó rán Fàósátù kó lọ gbé àga wá. Mujeeb ti gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí igi ìdáná wà, ó ń bá wọn la igi.

Kí àga tó dé, wọ́n ti jókòó sórí àpótí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù tó máa so yìgì, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìsẹ́yìn àti ibi tí wọ́n máa sùn. Ọkàn Jẹ̀lílì balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́, ẹja ń ta sánsán, àna rẹ̀ ń pè é lọ́kọ. Tí ọkàn èèyàn bá balẹ̀ jù, ẹnu rẹ̀ náà a máa gbàgbé ara rẹ̀.

"Bá mi pe Mujeeb," ni ìyá náà wí. "Kó wá gbọ́ èyí."

Jẹ̀lílì yíjú sí ẹ̀yìn ilé. "Eyínfunjowó o!"

"Hẹn!" ni Mujeeb dáhùn láti ibi tí igi wà. "Mò ń bọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tó ń yí ẹja dúró, ó di ẹja mú sókè. Èkejì bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ìyá Mujeeb, ìyàwó ti dé ilé yín o, ó ti ń sọ ọmọ ilé lórúkọ!"

"Èwo nínú wọn wá ni ìyàwó?" ni ìkíní wí, wọ́n sì jọ pàtẹ́wọ́.

Ìyá Mujeeb náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn mà lẹ́fẹ̀, ó ní èyí tó yẹ kí Fàósátù lọ máa ṣe nílé wọn ló wá ń ṣe nílé àna. Àwàdà ni lójú tirẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Jẹ̀lílì gbìyànjú láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó rí Fàósátù lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Jẹ̀lílì, ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ilé, tó ń nu ọwọ́, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tó fẹ́ràn. Mujeeb rí gbogbo wọn. Ojú rẹ̀ kú.

Fàósátù gbé àga sílẹ̀. "Màámi, à ń bọ̀. A fẹ́ lọ ra mínírà."

Wọn kò ra mínírà kankan. Ó rìn níwájú títí wọ́n fi dé etí omi, níbi tí wọ́n ń so àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ́, ó sì dúró.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìgbà wo ni kí ni bẹ̀rẹ̀?"

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀, Jẹ̀lílì. Mo ti gbá géèmù yẹn parí. Mo mọ ohun tí èèyàn ń là kọjá kó tó dé orúkọ yẹn. Ìwọ lo ṣe é kó le bẹ́ẹ̀."

"Eré ni. A máa ń fi ṣeré nílé."

"Ó dáhùn. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò pé ta ni wọ́n ń pè. Àti ohùn tí o fi pè é." Ó sún mọ́ ọn. "Mo sunkún lórí ibi aṣọ yẹn. Mo sọ fún ẹ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bó ṣe ń rí. Aṣọ ta ni?"

Jẹ̀lílì lè purọ́. Irọ́ mẹ́ta ti tò sí ẹnu rẹ̀. Ó wo omi, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ti Mujeeb. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Fàósátù. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kàn án, òun náà ò fọwọ́ kàn mí. A ò sọ ọ́ rí. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ bó ṣe ń rí fún Ògúnwálé ni, mo wá rí i pé èmi ni. Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn ò yí padà."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ràn mi ni, ǹ bá kàn bú ẹ kí n máa lọ." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ ọrùn. "Òun ńkọ́? Ṣé òun náà?"

"Mi ò mọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà á."

"Ó yẹ kó bà á." Ó kọjú sí omi. "Mi ò lè fẹ́ ọ. Màá máa wo ojú rẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé. Mi ò ní kórìíra yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ó."

"Kí la fẹ́ sọ fún Màámi?"

"A kẹ̀? Èmi ni màá sọ ọ́. Tí mo bá sọ òótọ́, o mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún yín níbí. Ìwọ lè sá lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ibí ni wọ́n bí i sí. Wọ́n á lù ú, tí wọn ò bá tiẹ̀ pa á, wọ́n á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, Màámi ò sì ní lè tajà mọ́. Màá sọ pé èmi ni mi ò fẹ́ mọ́."

"Wọ́n á bú ọ."

"Wọ́n á bú mi."

Ibí yìí ló yẹ kó ti sọ pé rárá. Ó yẹ kó ní òun lòun máa sọ pé òun kò ṣe mọ́, kí èébú náà wá sórí òun tó ni ín. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú bó ṣe dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá kọ ìyàwó nígbà tí yìgì ti dé tán, wọ́n á wádìí. Àwọn ará Ìsẹ́yìn á wádìí, Mujeeb ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi. Ó ro gbogbo èyí kíákíá, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "O ṣeun."

Fàósátù wò ó bíi pé òun kò rí i rí. Ó yí padà, ó ń lọ.

Ìyá Mujeeb ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní kí ọmọ náà tún un sọ. Fàósátù tún un sọ: òun ò fẹ́ Jẹ̀lílì mọ́, kí wọ́n má so yìgì kankan.

"Ṣé orí ẹ pé? Lèmọ́mù ti gbọ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́! Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Màámi. Mi ò kàn fẹ́ mọ́ ni."

"Fàósátù!" Mujeeb ti dìde, ó ń pariwo, ìbẹ̀rù ló ń mú un pariwo. "Kí ni Jẹ̀lílì sọ fún ẹ? Sọ ohun tó ṣe ọ́, kí gbogbo wa gbọ́!"

Àbúrò rẹ̀ kọjú sí i, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ìbínú nínú ìwò náà. Mujeeb wo ilẹ̀, ó rọra jókòó sórí igi tó ń là.

"Ó ti rí ẹlòmíì ní Ìmọ́tà," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí.

"Ta ni?" Ìyá Mujeeb tú gèlè, ó fi gbá ọmọ rẹ̀ léjìká, ó tún fi gbá a. "Ta lẹni náà? Oníranù! O fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí mi lọ́jà yìí? Ọmọ tí mo fi èéfín tọ́!" Ó bú u débi tí àwọn tó wà ní ojúlé kejì fi yọjú. Fàósátù dúró, ó gba gbogbo rẹ̀ sára, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ó rẹ ìyá náà, ó yíjú sí Jẹ̀lílì, ó sì bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi, má bínú. Má jẹ́ kí èyí mú ọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Ilé yìí ilé rẹ ni. Ìwọ àti Mujeeb, ọmọ ìyá ni yín." Ó fi ọwọ́ ti Fàósátù síwájú. "Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́, kó má baà gbé ọ ṣépè nínú ọkàn ẹ̀."

Fàósátù kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń họ ẹja, lórí ìpẹ́ àti omi.

"Ẹ má bínú sí mi," ó ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pe Jẹ̀lílì ní 'ẹ' rí.

Gbogbo wọn ń wo Jẹ̀lílì. Àwọn obìnrin náà ń wò ó, àwọn ará ojúlé kejì ń wò ó. Mujeeb nìkan ni kò wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kó sọ pé kó dìde, pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀.

"Mo ti forí jì í, Màámi," ó ní.

"Ẹ ò rí ọmọ gidi!" ni wọ́n ń wí. "Ọmọ tó mọ̀wàá hù. Ọlọ́run á fún ọ ní èyí tó dáa jù ú lọ."

"Àmín," ni Jẹ̀lílì wí.